Orúkọ Méjìlélógójì Tí Kò Jáde

Mọ́ńdè, 4/8/97. Ore.

Ohun tó ti bàjẹ́ kí n tó gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì yìí, àti ẹni tó mọ̀:

Ikùn kọ̀ǹpútà, níbi tó yẹ kó máa kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ti kú láti oṣù kẹta. Ọ̀gá tó ṣíwájú mi mọ̀. Ó gbé ìwé tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀ lé orí ẹ̀rọ náà, ó bá tirẹ̀ lọ sí Benin. Orí dísíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ni gbogbo iṣẹ́ wa wà báyìí.

Bátìrì tó ń di aago kọ̀ǹpútà mú náà ti kú. Gbogbo àárọ̀ tí a bá tàn án, ó rò pé ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1980 ni. Elisha, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, mọ̀. Ó ní òun ti kọ̀wé béèrè fún tuntun lẹ́ẹ̀mẹrin.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wákàtí méjì péré ni Nẹ́pà fi mú iná wá. Gbogbo ayé ló mọ̀.

Àwọn akọ̀wé oko ń kó ìwé orúkọ jọ títí oṣù yóò fi parí kí wọ́n tó gbé e wá. Kó tó dé, àṣìṣe ti gun orí àṣìṣe. Olóyè Fọlárìn, alága ìgbìmọ̀ wa, mọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Fúráìdé 12/9 ni ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀ inú igbó ìjọba gbọ́dọ̀ tẹ àwọn ṣọ́jà lọ́wọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò dúró ti kòkó rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí, wọn yóò lé e jáde. Abúlé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ènìyàn tó dín díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Òjò láti àárọ̀. Páànù ń jò sórí tábìlì Olútóyìn tó ń tẹ orúkọ. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Wẹ́sìdé, 6/8.

Mo ní kí Elisha ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ó ní yóò tètè yé ìyá òun ní Ajue jù mí lọ, nítorí ìyá òun máa ń dáná.

Ohun tó sọ nìyí. Ohun tí òun àti Olútóyìn ń tẹ̀, tútù ni. Kọ̀ǹpútà kì í jẹ tútù. Ó gbọ́dọ̀ sè é ná. Ìpín mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni iṣẹ́ náà: abúlé kọ̀ọ̀kan ní ìpín orúkọ tirẹ̀, ìpín kan wà tó jẹ́ pé orúkọ àwọn àbà nìkan ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta tó kù ni ti síso pọ̀, ti ìdánwò, àti ti títẹ̀ jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá sè tán, a so wọ́n pọ̀, a dán an wò, a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Láti sè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí márùn-ún àbọ̀.

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń ṣe é. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Mo ní ó tán. Láti ọ̀la lọ, àwọn akọ̀wé yóò máa gbé ìwé wá lójoojúmọ́, a ó sì máa so iṣẹ́ pọ̀ láràárọ̀, kí àṣìṣe má baà sùn mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Túsìdé, 12/8.

Mo fi dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún ara mi, ojú sì tì mí. Jẹnẹrétọ̀ kú ní wákàtí kẹrin lónìí. Gbogbo ohun tó ti sè ṣègbé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìlà ní ilé epo oríta, ìlà ti dé iwájú àwọn onípákó. Kẹ́ẹ̀gì kan ni wọ́n tà fún mi, iye tí wọ́n gbà fi ìdajì lé iye tọ̀sẹ̀ tó kọjá. Iye gàrí náà ti gbéra.

Mo bi Elisha léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bí a kò bá fọwọ́ kan abúlé Ajue láti àná, kí ló dé tí a tún fi ń sè é lónìí? Ta ló ń da ọbẹ̀ nù lójoojúmọ́ láti tún un sè láti orí àlùbọ́sà?

Ó ní ohun tí àwọn tó ní ẹ̀rọ tó péye ń ṣe gan-an nìyẹn: èyí tó ti sè, wọ́n á gbé e pamọ́, èyí tó yí padà nìkan ni wọ́n á tún sè. Ọjọ́ tí a kọ ọ́ ni wọ́n fi ń mọ èyí tó yí padà. Tiwa kò mọ ọjọ́.

Nítorí náà, a ó máa fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Mo so ìwé kan kọ́ ẹ̀gbẹ́ káńtà pẹ̀lú okùn. Ìwé Àtúnṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ìpín kan yóò kọ orúkọ ìpín náà àti ọjọ́ sí i. Láràárọ̀, Elisha yóò wo ìwé náà, yóò tún sè ohun tó wà níbẹ̀, yóò sì mú ìyókù láti orí dísíkẹ́ẹ̀tì pupa tí a kó àwọn ìpín sísè sí.

Elisha fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó béèrè fún ohun kan: ní Fúráìdé kọ̀ọ̀kan, kí a sè gbogbo rẹ̀ láti tútù, ohun yòówù kí ìwé sọ. Ó ní, "Ìwé lè gbàgbé, Màdáámù. Ènìyàn ló ń kọ ọ́."

Mo gbà.

Fúráìdé, 15/8.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Tẹ́lẹ̀, wákàtí márùn-ún àbọ̀. Elisha dìde, ó bọ ẹ̀rọ lọ́wọ́. Olútóyìn ní kó rọra, kí ó má fa okùn iná yọ. Lọ́sàn-án, ó sè gbogbo rẹ̀ láti tútù gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa. Méjèèjì bára mu. Mo ra búrẹ́dì àti àkàrà fún wọn.

Wẹ́sìdé, 20/8.

Bàbá Gàzálì wá láti Omifunfun lórí ọ̀kadà, ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dání. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti kúrò ní Ìwó wá gba ilẹ̀ dáko. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àbà wọn. Ó ní kí a ka orúkọ àwọn ènìyàn òun sí òun létí. Mo ní iṣẹ́ wà nílẹ̀, pé orúkọ wọn pé. Ó ní òun gbọ́. Ó sì jókòó.

Olútóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bàbá tú kóró kòkó gbígbẹ láti inú àpò kékeré kan sórí bẹ́ǹṣì. Bí Olútóyìn bá ti ka orúkọ kan, á sún kóró kan láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Mẹ́tàlélógójì. Orúkọ tán, kóró tán.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yín mọ ìṣirò."

Elisha ní, "Bàbá, kóró yín ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí a bá sọ fún ẹ̀rọ náà ló ń sọ padà fún wa."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Mo bu omi fún un.

Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló gbà lọ́wọ́ wa. A kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún abúlé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Fúráìdé, 22/8.

Kẹ́ẹ̀gì méjì péré ló wà, ó sì gbọ́dọ̀ gbé wa dé Wẹ́sìdé. Elisha ti kó dísíkẹ́ẹ̀tì tútù jáde láti sè gbogbo rẹ̀. Mo dá a dúró. Ó ní àdéhùn wa ni. Mo ní àdéhùn kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ ń mu. Ó ní ọbẹ̀ tí a kàn ń gbóná lójoojúmọ́, ó yẹ kí a máa ṣí ìkòkò rẹ̀ wò. Mo ní Fúráìdé tó ń bọ̀.

Mọ́ńdè, 25/8.

Bàbá Gàzálì kú ní Sátidé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí wọ́n ń sá kòkó sí ló ṣubú sí. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Olútóyìn sunkún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbé wá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tíì pọ́n tán.

Fúráìdé, 29/8.

Kò sí dísẹ́ẹ̀lì. Fúráìdé tó ń bọ̀.

Wẹ́sìdé, 3/9.

Ìwé kan wá láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀: àbà tí olórí rẹ̀ bá ti kú, ẹ fi olórí tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ṣọ́jà kò ní kà á sí. Yàhàyá ni wọ́n fi jẹ olórí lẹ́yìn Bàbá Gàzálì. Olútóyìn ń lọ sí Omifunfun láti kí wọn kú ọ̀fọ̀, mo ní kó bójú tó o bó bá padà dé. Lọ́sàn-án mo bi í, ó ní òun ti ṣe é. Mo bọ́ sórí nǹkan mìíràn.

Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Omifunfun ti di ẹrẹ̀.

Fúráìdé, 5/9.

Mo ní kí Olútóyìn ka gbogbo orúkọ tó wà nínú àwọn ìpín tútù. Ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rin àti mọ́kànléláàádóje: 1,931. Kò sí dísẹ́ẹ̀lì fún sísè gbogbo rẹ̀. Ìwé Àtúnṣe ti tó.

Tọ́sìdé, 11/9.

Òní ni títẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, Elisha wá dúró níwájú tábìlì mi.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n sè é láti tútù lẹ́ẹ̀kan péré kí a tó tẹ̀ ẹ́."

"Wákàtí mélòó ni dísẹ́ẹ̀lì wa lè gbé?"

"Mẹ́ta."

"Títẹ̀ nìkan yóò gba méjì."

"Mo ti sọ ọ́."

"Mo ti gbọ́."

A tẹ̀ ẹ́. Ìdánwò yege: abúlé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sí èyí tó ṣófo. Iye orúkọ 1,868. Ó dín mẹ́tàlélọ́gọ́ta ní ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Elisha ní òun yọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Ajue kúrò. Mo ní ó dára, ẹnì kan kì í jẹ́ ẹni méjì.

Fúráìdé, 12/9.

Olóyè Fọlárìn fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e lọ fún àwọn ṣọ́jà ní aago mẹ́wàá. A kò fi wákàtí kan pẹ́. Olóyè ní ọdún kẹta nìyí tí òun ti wà nínú ìgbìmọ̀, òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Mo sùn lọ́sàn-án bí ọmọdé.

Mọ́ńdè, 22/9.

Àwọn ṣọ́jà ti wọ inú igbó.

Wẹ́sìdé, 24/9.

Yàhàyá wá sí ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní wọ́n ti lé wọn, gbogbo àbà, lánàá. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wo ìwé mi.

Mo wò ó. Ojú ìwé kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Omifunfun. Àbà Gàzálì. Lábẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ìlà funfun, lẹ́yìn náà ó kan àbà tó tẹ̀ lé e.

Yàhàyá ní ọ̀gá ṣọ́jà náà fi ìka tọ́ ọ, ó ní Gàzálì nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbí, ibo ni Gàzálì wà. Wọ́n mú un lọ síbi sàréè, wọ́n fi hàn án. Ó ní kí wọ́n di ẹrù wọn.

Ìyàwó Bàbá, Ìyá Jàmíátù, wà nínú ilé opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni kò gbọ́dọ̀ jáde. Oṣù kan péré ló ti lò. Wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú ẹní rẹ̀. Ó ń fi ìborùn bo ojú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró nínú yàrá náà nìkan, kí wọ́n kó ìyókù. Ọ̀dọ́mọdé ṣọ́jà kan sunkún, ṣùgbọ́n ó gbé e.

Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì onípákó kan tí wọn kò lò mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, ni gbogbo wọn wà. Òjò rọ̀ sórí wọn lánàá.

Tọ́sìdé, 25/9.

A wá àṣìṣe náà, a rí i. Kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Nínú ìpín orúkọ ti Omifunfun, gbogbo wọn wà níbẹ̀, méjìlélógójì, lábẹ́ Àbà Yàhàyá. Nínú ìpín àbà tútù, Àbà Yàhàyá wà níbẹ̀. Nínú ìpín àbà sísè, èyí tó wà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì pupa, Àbà Gàzálì ló wà. Láti 15/8 ni a kò ti tún un sè. Nígbà tí ẹ̀rọ wá ń tẹ̀wé, ó pe Àbà Gàzálì, kò sẹ́ni tó jẹ́. Àwọn ènìyàn Yàhàyá sì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ìdánwò ò mú un, torí àwọn àbà mìíràn wà ní Omifunfun. Abúlé náà kò ṣófo.

Ìwé Àtúnṣe: ní 3/9, Omifunfun, ìpín orúkọ. Kò sí ìpín àbà.

Mo pe Olútóyìn. Ó ti ń sunkún kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní òun tún un ṣe nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òun kò lè kọ ọ́ sínú ìwé tó wà ní káńtà. Àwọn ará Omifunfun ń wọlé lójoojúmọ́, wọ́n ń ka ìwé náà. A kì í fi orúkọ ẹlòmíràn pe àbà kí ogójì olórí rẹ̀ tó pé. Ó ní bí ẹni pé òun kéde pé wọ́n ti gbàgbé Bàbá ni. Ó fẹ́ kọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, tí ogójì bá pé. Kò mọ̀ pé ìwé yẹn ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó rò pé ìwé lásán ni, fún wíwò.

Mo lè bínú sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀. Kò dúró. Ọbẹ̀ kan ṣoṣo láti tútù, ní Fúráìdé 5/9 tàbí kí a tó tẹ̀ ẹ́, ìbá mú un. Elisha kò sọ pé òun ti wí. Ó yí ojú sí ògiri, ó ń nu dísíkẹ́ẹ̀tì pupa náà, ó ń nù ún.

Mo bi í pé mélòó ni àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Ajue. Ó ní mọ́kànlélógún. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta yọ mọ́kànlélógún. Ìṣirò tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé. Mi ò béèrè lọ́jọ́ náà.

A sè gbogbo rẹ̀ láti tútù. Mo wọ́ dísẹ́ẹ̀lì láti ilé epo dé ilé epo. 1,910. A tẹ̀ ẹ́.

Fúráìdé, 26/9.

Mo gbé ìwé tuntun lọ fún Olóyè Fọlárìn. Ó kà á dáadáa, ó pa á dé. Ó ní ìwé tí òun ti fọwọ́ sí kì í ní arákùnrin. Bí òun bá ní ọ̀kan kò pé, àwọn ṣọ́jà yóò ní kí ni òun ń ṣe nípò. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló ṣì í, kí wọ́n ní sùúrù di ìwé oṣù kìíní.

Mo ní oṣù yìí ni kòkó ń pọ́n. Ẹni tó bá ká a ni wọn yóò pè ní olóko.

Ó ní, "Ọládùnní, wọ́n nílé ní Ìwó. Kì í ṣe ọmọ wa ni a lé."

Mo ní, "Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣì í, sà. Èmi ni."

Ó ní kí n má tún sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Sọ́ńdè, 28/9.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba ṣẹ́ẹ̀dì náà lọ. Àwọn obìnrin ti fi aṣọ ta yàrá fún Ìyá Jàmíátù ní igun kan, kó lè máa ṣe opó rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ńlá ń kọjá, aṣọ náà ń gbọ̀n. Ó ń húkọ́. Ara rẹ̀ gbóná débi tí mo fi mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kí a gbé e lọ sí ọsibítù. Ó kọ̀. Ó ní òun ti jáde lẹ́ẹ̀kan, òun kò tún jáde mọ́.

Ó bi mí pé ṣé èmi ni ti ilé ẹ̀rọ. Mo ní èmi ni, Ìyá.

Ó ní, "Bàbá sọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní o fún òun lómi, o sì jókòó ti òun títí kóró fi tán."

Mi ò lè sọ fún un pé aago ni mo ń wò.

Níta, Yàhàyá bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní èmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: dísẹ́ẹ̀lì, Fúráìdé mẹ́ta, ọbẹ̀ tí a kò ṣí wò. Mi ò dárúkọ Olútóyìn. Ó ní ó dára tó jẹ́ pé ènìyàn ni. Pé láti Wẹ́sìdé ni òun ti ń wá ẹni tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà kò bá mi sọ̀rọ̀.

Túsìdé, 30/9.

Mo mú nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn aṣọ. Ó ní otútù ti wọ àyà rẹ̀, pé ìbá dára bí òun bá ti tètè rí i. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ìyẹn fún mi lóṣù yìí.

Wẹ́sìdé, 1/10.

Ogójì Bàbá Gàzálì. Wọ́n ṣe àdúrà rẹ̀ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì. Ní òdìkejì títì, àwọn ọmọ iléèwé ń yan lọ fún ayẹyẹ òmìnira, wọ́n gbé àsíá kékeré dání. Olútóyìn lọ, Elisha lọ. Èmi dúró lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pákó.

Nígbà tí a padà, Olútóyìn kò yọ gèlè. Ó lọ tààrà síbi káńtà, ó mú bíró tó so mọ́ okùn, ó kọ ọ́: Omifunfun, ìpín àbà. Àbà Gàzálì di Àbà Yàhàyá. 1/10/97. Ó fi ọwọ́ nu ojú ìwé náà bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀.

Sátidé, 4/10.

Ìyá Jàmíátù kú láàárọ̀. Kò parí opó rẹ̀.

Mọ́ńdè, 6/10.

Yàhàyá wá. Ó gbé àpò kékeré kan lé tábìlì mi. Ó ní Ìyá ní kí òun gbé e fún mi. Ó ní òwúrọ̀ yìí ni òun gba ẹ̀yìn igbó lọ wo àbà: ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká kòkó wọn, kò tilẹ̀ ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, gbangba ni. Ó fi ìka ka ọjọ́ fún mi. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní sí nǹkan tí a ń ja lé lórí.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ní kí Elisha tún sè é láti tútù, gbogbo rẹ̀, wákàtí márùn-ún àbọ̀, lẹ́yìn tí Olútóyìn yọ orúkọ ìyá náà kúrò tó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó kánjú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, níbi tí Bàbá jókòó sí. Mo tú kóró inú àpò náà. Olútóyìn ń ka orúkọ, mo ń sún kóró láti òsì sí ọ̀tún, mi ò wo aago.

Orúkọ mọ́kànlélógójì. Kóró mẹ́tàlélógójì. Méjì ṣẹ́kù ní apá òsì. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé wọn sí. Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì títí a fi ti ọ́fíìsì.

Túsìdé, 7/10.

Ẹ̀dà lẹ́tà tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé lọ fún alága láàárọ̀ yìí:

Olóyè Fọlárìn,

Ohun tó bàjẹ́ ni pé àgbẹ̀ méjìlélógójì ní Omifunfun kò sí nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní 12/9, bẹ́ẹ̀ wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì wa. Ìpín kan tó ti pẹ́ ni a lò dípò tuntun. Elisha mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi mọ̀, mo sì kọ̀, nítorí mo ń kánjú. Ẹ̀yin mọ̀ láti 26/9. Ọ̀kan nínú wọn ti kú láti ìgbà náà. Mọ́kànlélógójì ló kù.

Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló ṣì í. Ẹ kọ orúkọ mi.

Ìwé tó péye wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, 1,909 orúkọ. Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé e fún ọ̀gá àwọn ṣọ́jà, kí ẹ sì jẹ́ kí a kà á sókè ní Omifunfun níwájú àwọn tó ni í, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo ti fi ìwé tí mo fi fiṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lè gbà á nígbàkigbà tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí èkejì.

Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, èmi fúnra mi yóò gbé e lọ sí ẹnu géètì àwọn ṣọ́jà, Yàhàyá yóò sì bá mi lọ.

Mo fẹ́ ìbuwọ́lùwé yín kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, Fúráìdé, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí.